Wọ́n Mú Ọ̀bẹ Wá Síbi Ìwàásù

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Dassa kì í ṣe òkúta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkúta ibẹ̀ tóbi ju ilé lọ, wọ́n gun ara wọn lórí bíi pé ẹnìkan kó wọn jọ tó wá gbàgbé wọn síbẹ̀. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni "bẹ́ẹ̀ ni." Àárín àwọn èèyàn tí kì í báni jiyàn ni mo bọ́ sí. O ní Jésù kú fún wọn, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. O ní ó yẹ kí wọ́n fi ayé wọn fún un, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, Tàǹtí, ẹ mà kú iṣẹ́ o. Tàǹtí ni wọ́n ń pe àgbà obìnrin níbẹ̀. Wọ́n á bu omi fún ọ mu, wọ́n á béèrè àwọn ará ilé lọ́wọ́ rẹ, wọ́n á gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó di oko. Nílé, kí n tó lọ, mo ti gbàdúrà sílẹ̀ de inúnibíni. Mo gbààwẹ̀ de òkò àti èébú. Mi ò gbàdúrà kankan de "bẹ́ẹ̀ ni."

Mo ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí, àwọn èèyàn sì ń bi mí léèrè ní ẹnu ọ̀nà ìjọ pé ọkàn mélòó ni mo jèrè níbẹ̀. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, màá ní Ọlọ́run ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn tó wà lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn kì í ṣe ìtàn ẹnu ọ̀nà ìjọ, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Tíṣà ni mí kí n tó lọ. Ọkọ mi ti kú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí mo bí ti wà nílé ọkọ. Ìjọ wa, ìjọ kékeré tí ìtara rẹ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, ń wá ẹni tí yóò lọ sáàárín àwọn Ìdáàṣà, àwọn ará Dassa lẹ́yìn ibodè. Wọ́n ní èdè wọn sún mọ́ tiwa, kò ní le. Èmi ni mo nawọ́. Màmá mi dìde láàárín àwọn ìyá ìjọ, ó fi etí ìró nu ojú, ó ní, "Máa lọ. Ṣùgbọ́n má padà wá bá wa láìmú ẹnìkan dání. Ẹnìkan péré, mi ò ní kó pọ̀." Gbogbo ìjọ pa àtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, mo rò pé nǹkan kékeré ló béèrè.

Ọ̀rọ̀ èdè yẹn, wọ́n tàn mí jẹ. Ó sún mọ́ tiwa lóòótọ́, bí ọmọ ìyá méjì tí wọ́n tọ́ nílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo máa ń gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kí n tó dé ìdí rẹ̀, ó ti sá mọ́ mi lọ́wọ́. Bí mo bá sọ̀rọ̀, àwọn ọmọdé á fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà á wá fà á díẹ̀díẹ̀ fún mi bí ẹni ń fún aláìsàn lẹ́kọ, wọ́n á sọ èyí tí wọ́n ń bá àwọn oníṣòwò sọ lọ́jà, wọ́n á fi Faransé díẹ̀ há a láàárín. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lédè Yorùbá! Ojú tì mí débi pé mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀ nínú yàrá, kí n ṣáà lè gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ geere.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Kpingni ni mo gba yàrá sí, nínú agbo ilé obìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀sílì, òun àti ọkọ rẹ̀ tó ń dáko. Ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà Màríà wà lọ́rùn Sẹ̀sílì tọ̀sán-tòru. Púpọ̀ nínú wọn, Kátólíìkì ni. Àwọn mìíràn ń bọ ohun tí bàbá wọn bọ lórí òkè, àwọn kan sì ń ṣe méjèèjì, wọn ò rí ìjà nínú rẹ̀. Bí mo bá fa Bíbélì yọ, Sẹ̀sílì á ní, "Tàǹtí, a ti ṣe ìrìbọmi o."

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá kù?"

Màá sọ ohun tó kù títí ọ̀fun mi á fi gbẹ. Yóò gbọ́ ọ parí pẹ̀lú sùúrù, yóò ní, "Bẹ́ẹ̀ ni," yóò sì bi mí bóyá mo ti jẹun.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí wọ́n bá ti bọ́ láti ibi Mísà tí wọ́n sì ti jẹ oúnjẹ ọ̀sán tán, màá gbé àga gbọọrọ kan sábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé, màá lu agogo mi. Ewúrẹ́ ló ń kọ́kọ́ dé. Màá kọrin, màá gbé e fún ara mi, èmi náà ni màá sì gbè é. Mo wàásù fún àga yẹn títí mo fi mọ gbogbo ojú igi tó wà lára rẹ̀. Àwọn tó ń kọjá á kí mi pé mo kú iṣẹ́. Wọn ò fi mí ṣẹ̀sín rárá, ó sì dùn mí ju ẹ̀sín lọ.

Ọ̀dọ̀ Alhaji kan nínú ọjà Dassa ni mo ti ń ra káàdì fóònù, ọmọ Yorùbá ni, bàbá rẹ̀ ló ti dé síbẹ̀. Èmi kì í tètè kúrò ní ìsọ̀ rẹ̀, nítorí Yorùbá ẹnu rẹ̀ ń tu ọkàn mi lára. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ìyá oníwàásù, ọjà ńkọ́? Ṣé ó ń tà?"

"Kò tà, Alhaji. Kí ẹ bá mi rà níbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi yẹ̀. "Èmi ti ní oníbàárà tèmi o! Àwọn náà ti ní tiwọn. Ìyá, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Àjò kì í dùn kí onílé má relé."

Mo ní mo gbọ́. Nígbà tí mo dé ìta, mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní sẹ́mìjàn níbẹ̀, mi ò lè pe ọ̀kan. Mo mọ̀ pé bí mo bá la ẹnu, igbe ni yóò jáde.

Màmá mi ń pè mí lálẹ́ Sátidé. Yóò kí mi, yóò béèrè ara mi. Yóò wá ní, "Ẹnìkan ńkọ́?"

"Kò tíì sí, Ìyá."

"Ó ń bọ̀."

Ó dé ọjọ́ tó jẹ́ pé bí fóònù bá ti ń dún, màá kọ́kọ́ dójú rẹ̀ bolẹ̀ kí n tó wá gbé e.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ ló yí nǹkan padà. Ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé, àwọn obìnrin ń hú ẹ̀gẹ́ wá sílé fún gàrí. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan mo bá wọn lábẹ́ àtíbàbà Sẹ̀sílì, ẹ̀gẹ́ wà nílẹ̀ bí òkè, wọ́n yí i ká, wọ́n ń bó o. Ọgbọ́n kan sọ sí mi nínú. Mo ní àwọn wọ̀nyí rèé, ọwọ́ wọn dí, wọn ò lè dìde lọ! Mo wá ọ̀bẹ kan, mo jókòó tì wọ́n, bí mo ṣe ń bó ẹ̀gẹ́ ni mò ń wàásù.

Ìyá ọkọ Sẹ̀sílì wà láàárín wọn, arúgbó kan tí gbogbo agbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń dùn ún, ńṣe ni wọ́n ń fà á lọ́wọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti ilé rẹ̀ lórí òkè. Òun nìkan ló gbójú sókè wò mí. Ó tẹjú mọ́ ẹnu mi, kò ṣẹ́jú. Inú mi dùn! Mo kọ àwọn yòókù sílẹ̀, mo dojú kọ ọ́, mo rọ ìwàásù lé e lórí láti Jẹ́nẹ́sísì. Nígbà tí mo dánu dúró láti mí, Sẹ̀sílì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní, "Tàǹtí, etí Ìyá ti kú kí wọ́n tó gbé mi wọlé yìí o."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, Ìyá Àgbà náà rí wọn, ó bá wọn rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mi ò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ látìgbà tí mo ti fi ilé sílẹ̀.

Láti ìgbà náà mo di ẹni tó ń lọ láti ilé dé ilé. Ti Sẹ̀sílì lónìí, ti aládùúgbò rẹ̀ lọ́la. Ọ̀bẹ gé mi lọ́wọ́ títí ọwọ́ mi fi le. Ọwọ́ tó ń mú ṣọ́ọ̀kì wá di ọwọ́ tó ń gbá èèpo ẹ̀gẹ́ dànù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn obìnrin á ní, "Hẹn! Tàǹtí mọ ẹ̀gẹ́ í bó o!" Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń kíni, mo kọ́ orúkọ ọmọ wọn. Nígbà tó kan ẹ̀gẹ́ Ìyá Àgbà, oko ìkẹyìn ni, mo tètè dé ju àwọn ìyàwó ilé lọ. Mo rò pé mo ti ń di ara ilé.

Ó wá di ọjọ́ Àìkú kan, mo lu agogo, wọ́n sì dé.

Mi ò tètè gba ojú mi gbọ́. Sẹ̀sílì ló ṣáájú, àwọn obìnrin tẹ̀ lé e, wọ́n ró aṣọ tó mọ́. Olúkúlùkù wọn mú ọ̀bẹ rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n tò ó sẹ́nu ọ̀nà mi, wọ́n wá jókòó kún àga, àwọn tí kò ráyè jókòó sílẹ̀. Mo wo ọ̀bẹ, ó yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n ta ló ń béèrè ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ níbi tí Ọlọ́run ti ń ṣiṣẹ́? Mo wàásù. Ẹnikẹ́ni ò sùn, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀, wọ́n nàró jókòó. Nígbà tí mo parí, Sẹ̀sílì wo àwọn yòókù, ó ní, "Ṣé ó ti tán, Tàǹtí, àbí ó ṣì kù?"

Mo ní, ẹ gbà mí, ebi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ń pa wọ́n! Mo pariwo Halelúyà, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ ìwàásù mìíràn látorí. Wọ́n gbọ́ ọ tán pátá. Wọ́n kí mi, wọ́n mú ọ̀bẹ wọn, wọ́n lọ.

Mi ò dúró de Sátidé. Mo pe màmá mi lójú ẹsẹ̀, igbe ni mo fi bá a sọ̀rọ̀. Òun náà ké, ó ju fóònù sílẹ̀, mo gbọ́ tó ń jó nínú pálọ̀. Alábòójútó wa kéde rẹ̀ nínú ìjọ, wọ́n gbé orin ọpẹ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn mìíràn dé. Òmíràn tún dé lẹ́yìn ìyẹn. Mi ò jẹun, mi ò sì mọ̀ pé mi ò jẹun.

Níjọ́ kan tí mò ń ròyìn fún màmá mi, mo mú ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ náà wọ̀ ọ́ fún ẹ̀rín. Mo ní, "Ìyá, àwọn èèyàn mi yìí, wọ́n tún ń mú ọ̀bẹ wá síbi ìwàásù o!"

Màmá mi ò rẹ́rìn-ín. "Ọ̀bẹ wo?"

"Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń bó ẹ̀gẹ́. Wọ́n á tò ó sẹ́nu ọ̀nà."

"Ṣé o bá wọn bó ẹ̀gẹ́?"

"Mo bá gbogbo wọn bó o tán!"

Ó mí kanlẹ̀. Oko ni wọ́n ti bí màmá mi, oko ló sì dàgbà sí, ìgboro ló bí èmi sí. Ó ní, "Ọmọ mi, àáró ni. O bá wọn ṣe tiwọn, wọ́n ń san án fún ọ. Ìwọ ò lóko, o ò lẹ́gẹ̀ẹ́. Kí ni wọn ì bá wá bá ọ ṣe?"

Mo ní irọ́ ni. Mo ní ẹ̀mí àìgbàgbọ́ ló ń bá a jà. Mo pa fóònù mọ́ ìyá mi lẹ́nu, ohun tí mi ò ṣe rí láyé mi. Mo wá jókòó síbẹ̀, mò ń wo ọwọ́ mi tó le koko.

Lówùúrọ̀ mo lọ bá Sẹ̀sílì nídìí ibi tó ti ń yan gàrí. Èéfín bo ojú rẹ̀. Mo bi í ní tààràtà pé kí ló dé tí wọ́n ń wá.

"Ẹ bó ẹ̀gẹ́ gbogbo wa," ó ní. "A bi ara wa pé, kí la ó ṣe fún Tàǹtí? Ẹ ò lóko. Iṣẹ́ tí ẹ ní náà ni ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ̀yin nìkan lẹ sì ń dá a ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń ṣe wá láàánú. La bá ní ká wá bá yín ṣe é."

"Ọ̀bẹ ńkọ́?"

Ó wò mí bíi pé orí mi ò pé. "Ta ló ń re àáró lọ́wọ́ òfìfo?"

"Sẹ̀sílì, ohun tí mo sọ ńkọ́? Ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

Ó ro gàrí rẹ̀ padà, ó tún un ro. Kò fẹ́ purọ́ fún mi, kò sì fẹ́ dùn mí. Ó ní, "A jókòó títí ó fi tán, Tàǹtí."

Bí olúkúlùkù ṣe ń san tirẹ̀ tán, bẹ́ẹ̀ ni kò wá mọ́. Àga ṣófo díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ku èmi àti ewúrẹ́. Wọn ò bá mi jà, wọ́n ṣì ń bu gàrí fún mi. Kò ṣáà sí gbèsè nílẹ̀ mọ́ ni.

Mo bínú sí Ọlọ́run, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín. Mo ní ṣé bí O ti fẹ́ rí mi nìyí, agbalagbà bíi tèmi, kí n wá di ẹni tí wọ́n ń ṣàánú fún nílẹ̀ onílẹ̀? Mo ní bóyá Ìwọ náà, ńṣe lO jókòó títí àdúrà mi á fi tán. Èrò yẹn dẹ́rù bà mí, àmọ́ kò lọ. Nílé, mo mọ ẹni tí mo jẹ́: ìyàwó lágbájá, tíṣà, ọmọ ìjọ. Ní Dassa, wọ́n fẹ́ ọwọ́ mi, wọ́n fẹ́ ẹ̀rín mi, wọ́n fún mi ní àyè nídìí ẹ̀gẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbé wá fún wọn nìkan ni wọn ò gbà. Bí ẹni tó bọ́ sílé àna tó gbé ẹrù wá, tí wọ́n gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀, tí wọ́n sì ní kó gbé ẹrù rẹ̀ padà lọ.

Alábòójútó wa gbọ́ pé àga ti ṣófo, ó pè mí. Kò pariwo. Ó ní, "Màmá, ẹ máa bọ̀ nílé. Ilẹ̀ yẹn le, ibòmíràn ń pè wá." Ó ní ọkọ̀ ń bọ̀ wá kó ẹrù mi. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún màmá mi, ó ní kí n tún un sọ. Ó wá ní, "Ẹnìkan péré ni mo ní kí o mú bọ̀, ọmọ mi. Ẹnìkan péré."

Mo lọ dágbére fún Sẹ̀sílì. Ó ní n kò tíì lè lọ, Ìyá Àgbà ṣì jẹ mí ní gbèsè. Oko ìkẹyìn tí mo bó, tirẹ̀ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì jẹ́ kó lè sọ̀ kalẹ̀ wá síbi ìwàásù látìgbà náà. Ó ní lójoojúmọ́ ni arúgbó náà ń fọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀, pé àáró Tàǹtí wà lọ́rùn òun.

Mo ní, "Mo ti fi jì í. Ẹ̀bùn ni, ọ̀fẹ́ ni."

Sẹ̀sílì bojú jẹ́. "Wọn kì í fi àáró jini, Tàǹtí. Ṣé ẹ fẹ́ kó kú pẹ̀lú gbèsè ni?"

Èmi tó jẹ́ pé "ọ̀fẹ́ ni" ni mo ti ń wàásù látìgbà tí mo ti dé! Mo lọ mú Bíbélì mi. Mo tẹ̀ lé e gun òkè.

Ilé Ìyá Àgbà wà láàárín òkúta méjì, ó jókòó sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wẹ̀, ó ti wé gèlè. Ọ̀bẹ rẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Bó ṣe rí mi, ó tún ìró rẹ̀ so, ó nàró jókòó, ó juwọ́ sí mi pé kí n bẹ̀rẹ̀. Sẹ̀sílì fi wá sílẹ̀, ó lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Mo dúró níwájú arúgbó tí kò gbọ́ràn, mo la Bíbélì. Ìtìjú mú mi. Mo bẹ̀rẹ̀ ìwàásù tí mo ti mọ̀ sórí, mo sọ ọ́ dé àárín, mo pa Bíbélì dé. Ta ni mò ń tàn jẹ? Mo ní, "Ìyá, ó ti rẹ̀ mí. Mi ò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni gbọ́ mi rí. Mi ò mọ̀ bóyá Ẹni tó rán mi ń gbọ́ mi. Ẹ̀rù ilé ń bà mí, ẹ̀rù ìyá mi ń bà mí. Mo fẹ́ràn Rẹ̀ o, Ìyá, mo ṣì fẹ́ràn Rẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí." Mo sọ ohun tí mi ò sọ fún alábòójútó, tí mi ò sọ fún ọmọ mi. Arúgbó náà tẹjú mọ́ ẹnu mi bó ti ṣe nídìí ẹ̀gẹ́, kò gbé ojú kúrò, kò ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí ẹnu mi dákẹ́, ó fi ohùn rara tí àwọn adití fi ń sọ̀rọ̀ bi mí, "Ó tán?"

Mo mi orí pé ó tán.

"Mo ti san án," ó ní. Ó mú ọ̀bẹ rẹ̀, ó tì í bọ abẹ́ ẹní. Iṣẹ́ ti parí.

Mo yí padà láti lọ. Ó di etí ìró mi mú. "Níbo lò ń lọ?" ó ní. "Kò sí gbèsè láàárín wa mọ́. Jókòó."

Mo jókòó tì í. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú mi, ó nu ọ̀tún, ó nu òsì, ó di ọwọ́ mi mú lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú àpò. Màmá mi ni, mo sì mọ ohun tó fẹ́ béèrè: ẹnìkan ńkọ́. Ìyá Àgbà ò gbọ́ ọ, ojú mi ló ṣì ń wò. Mo jẹ́ kó dún títí ó fi dákẹ́.